Aṣọ Tí Màámi Kọ̀ Láti Rán

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ní aago méje àárọ̀, alábàágbé mi á fọ ápù kan. Á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, á gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ. Ọ̀bẹ ló kàn. Á là á sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún, ó máa ń fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Á wá tò wọ́n yí etí àwo ká bí ẹni tó ń to àga sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Á jẹ ẹyọ kan, á gbé ọwọ́ sílẹ̀, á mu omi, á wo fèrèsé. Kó tó dé orí ẹyọ kẹjọ, mo ti jẹ búrẹ́dì mi tán, mo ti fọ ife, mo ti wọ bàtà, mo sì ti pẹ́ dé kíláàsì. Mẹ́jọ tó kù á wọ inú ike, ó ní ọ̀sán lòun máa fi wọ́n jẹ. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ike náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àga ti pọ́n, ìpàdé ò wáyé.

Ẹ má bínú pé mo ti ń ròyìn kí n tó kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ. Mo kí Bàbá mi. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ẹ ní bí mo bá wà lórí fóònù, “mo wà dáadáa, ó dàbọ̀” nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ ní kí n máa kọ ohun tí ojú mi bá rí sínú ìwé. Ohun tí ojú mi ń rí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà mi rèé nílé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè yìí. Nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìtọ́jú ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí. Mo ti mọ ẹni tó máa ń yá gègé tí kì í dá a padà. Mo ti mọ àwọn méjì tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ èmi. Alábàágbé mi nìkan ló ń pe orúkọ mi, ó sì ń pè é bó ṣe yẹ, ọjọ́ méjì ló fi kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ló ń kọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó máa ń se oúnjẹ fún gbogbo àwa tí a jọ ń lo ilé ìdáná kan, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wá bí a ṣe ń jẹun, bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ. Bí mo bá ní kó wá jẹ, á ní òórùn rẹ̀ ti yó òun. Màámi, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé òórùn oúnjẹ yó ènìyàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan nínú téèpù tí ẹ fi ń wọn àwọn tí ẹ ń ránṣọ fún ránṣẹ́ sí mi. Àárò ṣọ́ọ̀bù yín ń sọ mí, mo sì fẹ́ kí nǹkan kan tó ti ibẹ̀ wá wà lórí ògiri mi.

Ọmọ yín, ẹni ẹ̀yìn kíláàsì.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá

Ìrọ̀rí mi,

Mo kí ọ, mo kí ápù. Mo ka ìwé rẹ sókè fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín débi pé eyín rẹ̀ tó ń mì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú tíì. Èmi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu ni Ọmọ Ápù yìí. Kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, ìwọ tí o lè jẹ odidi búrẹ́dì tán kí ẹnì kan tó jẹ ìdajì ápù.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ìwọ. Mi ò sọ pé o sanra. Ohun tí mo sọ ni pé àwọn aṣọ tí mo rán fún ọ kò ní etí tí mo lè tú mọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọmọ onífọ́tò, èyí tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kẹta, wá wọn aṣọ. O mọ ìlànà mi. Aṣọ ìyàwó, mo máa ń rán an kéré ní íǹṣì méjì sí ohun tí téèpù bá wí. N ó gbé e kọ́ níwájú ìyàwó, n ó ní, “Aṣọ rẹ ti parí, ìwọ lo kù.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ, wọn ò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, ẹyọ ẹnì kan ni aṣọ rẹ̀ kò wọ̀, oyún ló sì fà á.

Téèpù rèé. Òun ni mo fi wọn ọ́ nígbà tí o ń múra àtilọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Téèpù dé, ó ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi.

Mo túmọ̀ ìwé yín fún alábàágbé mi. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ kì í kọjá ètè. Nígbà tí mo dé ibi “Aṣọ rẹ ti parí, ìwọ lo kù”, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó máa ń kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí ìparí oṣù Kejì, mo sì ti ṣèlérí pé ìyá mi máa rán aṣọ kan fún un. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọwọ́ ẹlòmíì ni mo fẹ́ fi ra ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tó kù lórí àtẹ.

Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra, ó wọn ara rẹ̀. Mo ka ojú ewé mẹ́sàn-án kó tó jáde. Nọ́ńbà mẹ́ta ló kọ, bébà náà wà nínú àpòòwé yìí: àyà, ìbàdí, ìdí.

Èmi náà ti ń bá a ṣe eré ìdárayá. À ń gun àtẹ̀gùn ilé wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ìgbà mẹ́wàá láràárọ̀, a ò sì ní ẹni tí a fẹ́ lọ rí lókè. Ìyẹn ló ti gba àyè búrẹ́dì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn ò kí mi rí dá mi dúró, wọ́n ní mo ti ń dùn ún wò, wọ́n ní kí ni mò ń lò. Mo sáré padà sílé lọ wo dígí, kí n lè mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kọkànlá

Ìrọ̀rí,

Mo jókòó kí n tó kọ ìwé yìí. Ìwọ náà jókòó kí o tó kà á. Ta ni bàbá ọmọ yẹn?

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi téèpù yí ènìyàn ká. Àwọn nọ́ńbà tí o fi ránṣẹ́, ti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Bí ó bá pọ̀ jù, méjìlá, bó bá jẹ́ ọmọ tí kì í jókòó sójú kan. O wá ní alábàágbé rẹ ni. Alábàágbé wo? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, tàbí ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọbìnrin kan, ìwọ sì fẹ́ fi aṣọ ìyá rẹ fa ojú ọmọ náà mọ́ra. Abájọ tó fi jẹ́ ápù ló ń jẹ. Abájọ tí o fi ń ṣe eré ìdárayá. Abájọ tí o fi ń wo dígí.

Bàbá rẹ ò bínú. Ó ní kí n béèrè iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní ẹni tó ti tọ́ ọmọ ti mọ ìwà ọmọ, pé kí n má kọ̀ ọ́ kíákíá. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ aránṣọ fi nọ́ńbà mẹ́ta péré ránṣẹ́. Èjìká ńkọ́? Gígùn ńkọ́? Apá ńkọ́? Ṣé àpò ni kí n rán ni?

Fèsì kíá. Kí o sì sọ òótọ́, ọkàn mi gbà á.

Ìyá rẹ tí kò lè sùn.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá

Màámi, Bàbá mi, àti onídìrí,

Mo kí gbogbo ìgbìmọ̀. Kò sí bàbá ọmọ. Kò sí ọmọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé, “ó ti tó àkókò àtilọ” ló sì máa ń sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni alábàágbé mi, orí mi ò sì kọjá etí rẹ̀ bí a bá dúró.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá sọ fún un pé ìyá mi ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé òun náà á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé lóòótọ́ ni ìyá rẹ sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, Màámi, bí ojú ẹni tó rí orúkọ ara rẹ̀ lókè pátápátá nínú èsì ìdánwò. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín mi ò ti dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Lánàá ó gbà kí n wọn àwọn tó kù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná ló máa ń jókòó sí. Ó bọ́ súwẹ́tà kan, ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kí n tó rí èjìká. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti hù sí apá rẹ̀ bí ti òròmọdìẹ. Irun orí rẹ̀ ló kún inú òòyà. Èékánná rẹ̀ rí bí ẹni pé ó rì wọ́n bọ yíǹkì. Èjìká, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Gígùn láti èjìká dé orúnkún, ogójì. Apá, mẹ́tàlélógún. Ó mú mi búra pé mi ò ní ròyìn ara òun fún ẹnikẹ́ni níbí. Mo búra. Ilé kì í ṣe ibí, torí náà mo kọ ọ́ sí yín.

Ó ní kí ẹ rán aṣọ náà kéré ní íǹṣì méjì sí ohun tí òun kọ, bí ti àwọn ìyàwó yín. Ó ní aṣọ á parí, òun á kù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti pa ẹ̀rọ kí n tó mú gègé.

Mo tẹ́ bébà rẹ méjèèjì sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Èjìká jẹ́ ti àgbà obìnrin, obìnrin tó ga. Mẹ́ta ìṣáájú jẹ́ ti ọmọdé. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gé e, mo sì wo ohun tó jáde. Ohun tí à ń fi aṣọ kọ́ ló jáde. Ẹran ara ń wá, ẹran ara ń lọ, ìyẹn ni mo fi ń jẹun láti ọdún yìí wá. Ṣùgbọ́n egungun kì í gba ìmọ̀ràn. Ọmọ yẹn ń tán lọ láti inú ara rẹ̀, èmi jókòó síbí, mò ń wá ọkọ fún ọ.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó máa ń gbé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ wá fún mi. Ó ní àìsàn ni, ànórẹ́síà ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ní ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ dín jíjẹ kù díẹ̀, àwọn ènìyàn á yìn ín, á tún dín in kù, títí dídín náà á fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí á máa wà á lọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ló ń débẹ̀. Àwọn kan ló ti wà lára wọn láti ilé, àwọn kan jẹ́ aláṣepé tí kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó tó lójú ara wọn. Ó ń mú àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Ó ní ebi ń pa wọ́n, irọ́ ni pé òórùn ń yó wọn. Bí wọ́n bá wo dígí, ara ńlá ni wọ́n ń rí. Ó ní ó ń pa ènìyàn, pé ọkàn lè kàn dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Mo ní ṣé kí n sọ fún ọ kí o dì í mú, kí o sì fún un lóúnjẹ. Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ ẹ̀yìn abẹ́rẹ́. Ó ní inú tó ti pẹ́ lófo, bí a bá ṣàdédé kún un, ìyẹn náà lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni, lójú dókítà. Àti pé pípariwo lé e lórí kò ní ṣe nǹkan kan ju kí ó kọ́ bí a ṣe ń fi pamọ́ sí i.

Mi ò ní rán aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí mo ń dá ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ sínú ìwé bí òfin. Lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ara akẹ́kọ̀ọ́. Ìbúra tí o búra, gbé e lé mi lórí, n ó jẹ ẹ̀bi rẹ̀.

Kí o sì wọn ara tìrẹ. Gbogbo rẹ̀. Má fi èjìká sílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìkíni ti àkọ́kọ́ ṣìnà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Mo ń pè ọ́ lórí fóònù, o ń sọ pé “mo wà dáadáa, ó dàbọ̀”. Bàbá rẹ ti jáwọ́ nínú ẹ̀fẹ̀, ẹ̀rù sì máa ń bà mí bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí o kò bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀, kọ nọ́ńbà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìwé yín dé láti ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní. Mo kà á, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó ń pè mí ní Ìrọ̀rí láti ìgbà tí mo ti ń hu eyín ló wá ń kọ́ mi nípa àìsàn yìí. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, mo sì gbádùn rẹ̀, nítorí níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń bínú sí yín, mi ò ní láti lọ sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ẹ máa jẹ ẹ̀bi ìbúra. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wá bá mi gbé yàrá.

Kí n sọ èyí tó burú. Mo ń bá a díje. Bí ó bá jẹ mẹ́jọ, mo ń jẹ méje. A ò sọ ọ́ jáde rí, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ń ka àwo ara wa. Àwọn ọmọ kíláàsì wá ń kí mi láti òkèèrè. Mo ti ń sọ fún ara mi pé òun ló ń ṣàìsàn, èmi ń dára ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a wà lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró lójijì, ó fi ọwọ́ lé ògiri. Ètè rẹ̀ ti di eérú. Mo dì í mú ní apá, ìka mi yí apá náà ká, ó tún ṣẹ́ kù. Ó ní, “Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré.” Ó sì gbé ẹsẹ̀.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé èmi náà gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

Lọ́sàn-án, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùtọ́jú ara. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún lọ, mo ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, títí kan ti àwọn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, mo padà. Nígbà kẹta, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo fa bébà kan yọ, mo kọ ọ́: “Alábàágbé mi ń fi ebi pa ara rẹ̀, mo sì ń bá a ka ohun tí à ń jẹ.” Mo tì í sí i lórí tábìlì bí ẹni tó ń san ìtanràn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga fún mi.

Wọ́n wá mú un ní ọjọ́ kejì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń rìn bí ọkàn ẹni tó wà lójú oorun, ní ọ̀sán gangan. Mo ń bá a kó aṣọ sínú báàgì. Ó wo téèpù lórí ìṣó, ó wo èmi.

“Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ́ orúkọ rẹ,” ó ní. “Ọjọ́ kan ni màá fi gbàgbé rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Nọ́ńbà mi ni mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí, èjìká náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí èmi náà máa wá rí òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n sì padà sí oúnjẹ àárọ̀. Ní àárọ̀ òní mo jẹ búrẹ́dì. Mo sunkún díẹ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ mo jẹ ẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dàlẹ̀ tó gba ẹ̀mí là, èmi ni mo bí i. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wá a wá bá mi.

Òótọ́ lo sọ nípa Ìrọ̀rí. Àgbá ni ìyá tèmi ń pe èmi, mo sì rò pé bí a ṣe ń fẹ́ràn ọmọ nìyẹn. Ṣé o rántí fọ́tò ìgbéyàwó mi, tí o máa ń sọ pé mo dúró bí ọbabìnrin? Kì í ṣe ọlá. Ilẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí kí àwọn àbúrò ìyá mi tó lè fa síìpù gòkè, mi ò sì lè mí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń rán ohun tó ni mí lára fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ onífọ́tò. Mo ní kó wá, pé òun ló ti parí, aṣọ ló kù. Ó bú sẹ́kún. Kùkúḿbà àti omi gbígbóná ló ti ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ilẹ̀ máa ń yí òun bí òun bá dìde. Mo tú íǹṣì méjèèjì níṣojú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó jókòó nínú rẹ̀, ó mí. Onídìrí ní aṣọ náà ò di ara mú mọ́. Mo ní ìyàwó la fẹ́ wọṣọ fún, kì í ṣe ìgò.

Mo ti wo nọ́ńbà rẹ. Ìbàdí rẹ ti sá kúrò nílé. Mi ò ní pariwo, nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n má pa Ọjọ́bọ̀ kankan jẹ. Mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ láé. Bí mo bá gbàgbé, kí o dá ìwé náà padà.

Bàbá rẹ ní ó dun òun díẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ò sí. Ó ti ń fọkàn sí i.

Báwo ni Ọmọ Ápù? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí i?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú inú rere. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ti fọ́tò yẹn ò kúrò lójú mi. Ẹ dúró dáadáa ṣá.

Mi ò tíì rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ń sùn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń mi ọmọ ìka rẹ̀. Ẹni tó ń sùn kì í mi ọmọ ìka bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé kan sílẹ̀ fún un, mo padà.

Ibùsùn rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́. Mo ti wá mọ bí yàrá ṣe ń dún bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń gbé inú rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná máa ń húkọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì inú kíláàsì tún dá mi dúró, wọ́n ní mo ti ń padà sí ti tẹ́lẹ̀, pé kí n ṣọ́ra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n wá wo ibi tí ìṣọ́ra gbé ẹnì kan dé, mo lè fún wọn ní nọ́ńbà yàrá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ju gbólóhùn kan lọ nínú kíláàsì yẹn nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ lé mi jáde, ó bi mí ní ohùn kékeré pé ṣé ọwọ́ tèmi náà máa ń tutù. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùtọ́jú ara. Ó mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, Màámi. Òun náà ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn rí.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn pè mí lánàá. Ó ní alábàágbé mi kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Ó ní ó máa pẹ́, pé ó ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn kan máa ń lo ọdún mélòó kan lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń dé èbúté. Àwọn tí a jọ ń lo ilé ìdáná lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní “ara rẹ ti ń kún, o ti ń dára,” tìfẹ́tìfẹ́. Ọjọ́ méjì ni kò fi gba nǹkan kan sẹ́nu. Nítorí náà wọ́n ṣe òfin: ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í ní oúnjẹ ọ̀sán, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ara, kò gbọdọ̀ yìn ín, kò gbọdọ̀ wo àwo. Wọ́n ní kó mú ẹni tó fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó mú ẹni tí kò ní bí i nínú jù. Ó wá ní, “Ẹ pe ọ̀dàlẹ̀ yẹn. Òun ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pọ̀ fún ẹni tí kò lọ́rọ̀ sọ. Mo ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ mi, mo ti jẹ ti ọ̀sán, mo fẹ́ lọ jẹ ti alẹ́ báyìí.

Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ aago mọ́kànlá. Màá jókòó sí àga tó dojú kọ ọ́. Bí ó bá bú mi, màá ní ó ṣeun. Bí ó bá bá mi sọ̀rọ̀, màá dáhùn. Bí kò bá sọ nǹkan kan, èmi náà á dákẹ́, a jọ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mi ò sì ní dìde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé.

Ọmọ yín.